Ṣé lóòótọ́ ni taekwondo ti pé 2,000 ọdún?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti ń kọ́ taekwondo láti ọdún tó kọjá níbí nílùú Ìbàdàn. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé, olùkọ́ wọn sì fún wọn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ há sórí: pé taekwondo ti wà láti 2,000 ọdún sẹ́yìn, pé àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Hwarang ló dá a sílẹ̀, pé àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ibojì àwọn ará àtijọ́. Àbúrò ọkọ mi tó ti ń kọ́ kàráté tipẹ́ ka ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kàráté àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó sì ń bi mí pé ta ni kí òun gbà gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́? Ṣé kí n mú un kúrò níbẹ̀ ni?”

Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, ìyá wa. Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti so mọ́ra débi pé bí èèyàn bá dáhùn ọ̀kan, á rò pé òun ti dáhùn méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni pé ọdún mélòó ni taekwondo ti wà láyé. Èkejì ni pé ṣé ó yẹ kí ọmọ máa kọ́ ọ. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí wà lẹ́yìn àbúrò ọkọ yín ju ìwé pélébé yẹn lọ. Taekwondo tí ọmọ yín ń kọ́ kò tíì pé 100 ọdún. Láàárín 1944 sí 1955 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kàráté ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀hún. Ní ti èkejì, àbúrò ọkọ yín ti sáré jù, màá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú ni pé wọ́n ń lọ́ gbólóhùn méjì pọ̀ mọ́ra. Pé àwọn ará Kòríà ti ń fi ọwọ́ lásán jà láti ayébáyé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú, torí kò sí ìran tí kì í jà. Ṣùgbọ́n pé ìjà tí wọ́n ń jà nígbà náà ló wá di taekwondo òní, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn. Kí ìyẹn tó lè jẹ́ òótọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ìran olùkọ́: lágbájá kọ́ làmọ̀rín, làmọ̀rín kọ́ ẹlòmíràn, títí tó fi kan àwọn tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ taekwondo àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá ní ọmọ ilé àyàn lòun, a kì í wo ìlù tó gbé kọ́ èjìká, à ń bi í pé ọmọ ta ni, ta ló sì kọ́ ọ ní ìlù lílù. Ìbéèrè yẹn náà ni ká fi kan ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé pélébé náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán ibojì ṣáájú, torí òun ló máa ń dá àwọn èèyàn lójú jù. Àwọn ibojì tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Muyongchong àti Gakjeochong, ti ìjọba Goguryeo, nítòsí ìlú Ji'an tó wà lábẹ́ Ṣáínà lónìí. Àwọn olùwádìí láti Jàpáànù ló ṣàyẹ̀wò wọn ní 1935. Nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n kọ́ wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí àwòrán náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti taekwondo, 2,000 ọdún kò lè pé. Nínú Muyongchong, ọkùnrin méjì tí aṣọ ò pọ̀ lára wọn kọjú síra, wọ́n na apá, àlàfo sì wà láàárín wọn. Orúkọ ibojì yẹn túmọ̀ sí ibojì àwọn oníjó, nítorí àwọn oníjó tí wọ́n yà sára ògiri rẹ̀. Lórí ògiri rẹ̀ mìíràn, àwọn ọdẹ wà lórí ẹṣin, wọ́n ń ta àgbọ̀nrín àti ẹkùn lọ́fà. Ọkùnrin méjì yẹn lè máa jà, wọ́n lè máa jó, wọ́n sì lè máa wá bí wọ́n ṣe máa di ara wọn mú bí àwọn ẹlẹ́kẹ ṣe ń ṣe kí wọ́n tó gbá mọ́ra. Àwòrán ò lè sọ bí ọwọ́ ṣe dé ibi tó wà, kò sì lè sọ ibi tó ń lọ. Gakjeochong ní tirẹ̀ ṣe kedere: ọkùnrin méjì di ara wọn mú, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà léjìká ìkejì, àgbàlagbà kan tó di ọ̀pá mú sì ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ìjàkadì gidi nìyẹn, ssireum ni àwọn ará Kòríà ń pè é, wọ́n sì ń jà á títí dòní. Ẹ̀rí ìjàkadì ni. Kò kan taekwondo.

Ẹ̀rí kejì ni ère àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ihò ìsìn Seokguram nílùú Gyeongju, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 751. Àwọn ère náà gbé ọwọ́ kan sókè, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, iṣan àyà wọn yọ. Nínú ìwé taekwondo, wọ́n máa ń tẹ àwòrán ère yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹni tó ń fi apá dènà ẹ̀ṣẹ́, kí òǹkàwé lè rí i pé wọ́n jọra. Wọ́n jọra lóòótọ́. Àmọ́ irú ẹ̀ṣọ́ kan náà wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ní Ṣáínà, ó sì wà ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ àwọn méjì ràgàjì sẹ́nu ọ̀nà Todaiji nílùú Nara ní 1203. Ìṣe ẹ̀sìn ni ìdúró yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń gbẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbi gbogbo tí ẹ̀sìn Búdà dé nìyẹn. Bí ère Seokguram bá fi hàn pé taekwondo wà ní Kòríà nígbà náà, ère Nara náà á fi hàn pé ó wà ní Jàpáànù, kò sì sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Hwarang wà lóòótọ́, wọn kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ọ̀dọ́ ọmọ ìjòyè ìjọba Silla ni wọ́n, ayé Ọba Jinheung tó jọba láti 540 sí 576 ni wọ́n sì tò wọ́n jọ. Ohun tí a mọ̀ nípa wọn wá láti inú ìwé ìtàn Samguk Sagi tí Kim Busik kó jọ ní 1145 àti Samguk Yusa tó tẹ̀ lé e ní ìparí ọ̀rúndún 13. Samguk Sagi sọ pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìwà rere, wọ́n ń fi orin gbádùn ara wọn, wọ́n sì ń rìn káàkiri òkè àti odò ilẹ̀ wọn. Àlùfáà Won Gwang fún àwọn ọ̀dọ́ Silla méjì ní òfin márùn-ún: ìṣòótọ́ sí ọba, ìbọ̀wọ̀ fún òbí, ìfọkàntán láàárín ọ̀rẹ́, àìsá lójú ogun, àti kí wọ́n má máa pa ohun ẹlẹ́mìí láìronú. Tí wọ́n bá dójú ogun, ẹṣin, ọ̀kọ̀ àti idà ni ìwé ń mẹ́nu bà. Kò sí ibì kan tí ìwé méjèèjì ti sọ pé Hwarang ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn nípàá tàbí bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́. Àwọn kan tún máa ń fi kún un pé ìpàá òfuurufú tí a ń rí nínú taekwondo ni wọ́n fi ń já ẹlẹ́ṣin lulẹ̀. Ẹni tó bá ń fò sókè lọ bá ọkùnrin tó di ọ̀kọ̀ mú lórí ẹṣin tó ń sáré, ọ̀kọ̀ á ti bá a kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó na tán.

Níbi tí ìtàn gidi ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ subak, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ọ, torí ó dùn ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé pélébé yẹn lọ. Subak túmọ̀ sí fífi ọwọ́ lu. Nígbà ìjọba Goryeo, àwọn ọmọ ogun máa ń fi í díje níwájú ọba. Ní 1170, Ọba Uijong ń lọ ṣe fàájì, ó dúró lọ́nà, ó ní kí àwọn ọmọ ogun fi subak ṣeré. Ọ̀gágun àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Yi So-eung bá ẹnì kan wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ kò gbé e, ó yíjú padà. Ni Han Roe, ọ̀kan lára àwọn akọ̀wé ààfin, bá ta sáré wá, ó gbá arúgbó náà létí níṣojú gbogbo èèyàn, ọba àti àwọn akọ̀wé sì ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun dìde, Jeong Jung-bu ló ṣáájú wọn. Wọ́n pa àwọn akọ̀wé, wọ́n yọ ọba kúrò lórí ìtẹ́, àwọn ológun sì wà lórí oyè fún nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Yi Ui-min, tí òun náà di alágbára láàárín wọn, subak tó mọ̀ ọ́n jà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ààyò ọba. Nítorí náà, ẹ̀rí pé ìjà ọwọ́ lásán wà ní Kòríà pọ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn ìwé yẹn sọ ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù. Wọn kò sọ bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́, wọn kò sì dárúkọ olùkọ́ kankan tí ìmọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ náà pàápàá, àmì ìkọ̀wé Ṣáínà ni, àwọn ará Ṣáínà sì ti ń lò ó fún ìjà tiwọn ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìwé tó lókìkí jù nínú àwọn tó ya àwòrán ìgbésẹ̀ ìjà ọwọ́ lásán sílẹ̀ ni Muyedobotongji, tí Ọba Jeongjo ní kí Yi Deok-mu, Pak Je-ga àti Baek Dong-su kọ, tó sì jáde ní 1790. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń gbé e sókè bí ìwé ẹ̀rí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Iṣẹ́ ogun 24 ló wà nínú rẹ̀, 6 nínú wọn orí ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀kọ̀, idà, kùmọ̀ àti apata ló gba ibi tó pọ̀ jù. Ọ̀kan péré ni ìjà ọwọ́ lásán, gwonbeop ni wọ́n pè é, àwọn tó kọ ìwé náà kò sì fi pa mọ́ pé láti inú ìwé Qi Jiguang, ọ̀gágun Ṣáínà tó gbé ayé ní ọ̀rúndún 16, ni wọ́n ti mú un. Bí ẹ bá gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọmọ yín ń ṣe ní kíláàsì, ẹ ò ní rí ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn tó bára mu.

Ó wá ku taekkyeon, èyí tó sún mọ́ ọn jù. Mo gbà pé eléyìí yẹ ká rọra gbé. Taekkyeon jẹ́ eré ìjà àdúgbò sí àdúgbò, pàápàá nílùú Seoul. Wọ́n ń lo ẹsẹ̀ gan-an, wọ́n ń gba ẹsẹ̀ ẹni kejì kó lè ṣubú, wọ́n sì ń ta ìpàá gíga sí orí. Stewart Culin, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa eré àwọn ará Kòríà ní 1895, mẹ́nu bà á. Nígbà tí Jàpáànù gba ilẹ̀ wọn, taekkyeon fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́; ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Song Deok-gi, tí wọ́n bí ní 1893, ni ìmọ̀ náà tọwọ́ rẹ̀ kọjá sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kó tó kú ní 1987. Ìjọba Gúúsù Kòríà fi sínú àṣà àjogúnbá ilẹ̀ wọn ní 1983, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2011. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: orúnkún ń tẹ̀ ó ń nà, ẹsẹ̀ ń lọ síwájú ó ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni ń jó, ara rọ̀, apá ń fì. Kò sí ètò ìgbésẹ̀ tí èèyàn ń dá ṣe bíi poomsae, wọn kì í sì í kan ẹ̀ṣẹ́. Taekwondo àkọ́kọ́ le gan-an ní tirẹ̀: ara nàró, ọwọ́ kan ń fà padà sí ìbàdí bí ìkejì ṣe ń jáde, ètò ìgbésẹ̀ ló sì gba ìdajì ẹ̀kọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ta wá ni àwọn tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ta ló sì kọ́ wọn? Ibi tí àríyànjiyàn ti parí nìyí, torí orúkọ wọn àti ti olùkọ́ wọn wà nílẹ̀. Lee Won-kuk ṣí Chung Do Kwan nílùú Seoul ní 1944. Tokyo ló ti kọ́ kàráté lọ́wọ́ Gichin Funakoshi, ẹni tó gbé kàráté kúrò ní Okinawa wá sí Tokyo ní 1922. Ro Byung-jik tó dá Song Moo Kwan sílẹ̀, Funakoshi náà ló kọ́ ọ. Yoon Byung-in kọ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà ní Manchuria, ó sì bá Toyama Kanken, olùkọ́ kàráté, ṣe nǹkan pọ̀ ní Jàpáànù. Hwang Kee, olùdásílẹ̀ Moo Duk Kwan, ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Manchuria, ó sì gbà pé ìwé kàráté wà lára ohun tí òun kọ́. Choi Hong Hi, ọ̀gágun tó gbé orúkọ taekwondo jáde, Jàpáànù ló ti kọ́ kàráté nígbà tó ń lọ sílé ìwé. Àwọn tó ní taekkyeon wà nínú ìtàn wọn sọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, kàráté ni. Kódà orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò sọ ọ́ síta: tang soo do àti kong soo do jẹ́ bí ará Kòríà ṣe ń pe àmì ìkọ̀wé méjì tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní karate.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Pinan ni orúkọ ètò ìgbésẹ̀ márùn-ún tí Itosu Anko gbé kalẹ̀ ní Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Funakoshi yí orúkọ rẹ̀ sí Heian. Àwọn ará Kòríà pè é ní Pyung Ahn, àmì ìkọ̀wé kan náà, ìgbésẹ̀ kan náà, àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ tang soo do ṣì ń ṣe é dòní. Nínú ìwé tí Choi tẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, àwọn Heian yìí ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ti bẹ́líìtì, Kano Jigoro ló bẹ̀rẹ̀ oyè dan nínú júdò ní 1883, Funakoshi mú un wọ kàráté ní 1924, taekwondo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Dojang tí ọmọ yín ń wọ̀, dojo ni. Geup tí wọ́n ń kà fún bẹ́líìtì aláwọ̀, kyu ni. Sabum tó ń kọ́ ọ, shihan ni. Bí a bá yọ àwọn ohùn wọ̀nyí kúrò, àmì kan náà ló wà nísàlẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ pé 2,000 ọdún? Mi ò rò pé ẹ̀tàn lásán ni, mo sì fẹ́ kí àbúrò ọkọ yín gbọ́ ibí yìí. Láti 1910 títí di 1945, Jàpáànù ló ń ṣàkóso Kòríà. Wọ́n fi èdè wọn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nílé ìwé, láti 1940 wọ́n sì ń fipá mú àwọn ìdílé láti gba orúkọ Jàpáànù. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ kàráté ní Tokyo, tó padà sílé, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì gba òmìnira: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé, ohun ìní ẹni tó jẹ gàba lé wọn lórí ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Nam Tae-hi fọ́ àwo amọ̀ òrùlé 13 níwájú Ààrẹ Syngman Rhee; Choi sọ pé Ààrẹ wò ó, ó ní taekkyeon nìyẹn. Ta ló máa dìde sọ fún Ààrẹ pé kàráté ni? Ní oṣù kẹrin 1955, ìgbìmọ̀ kan jókòó, wọ́n mú orúkọ tí ohùn rẹ̀ sún mọ́ taekkyeon: tae fún ẹsẹ̀, kwon fún ẹ̀ṣẹ́, do fún ọ̀nà. Lẹ́yìn tí Park Chung-hee gba ìjọba ní 1961, ọ̀rọ̀ Hwarang di ohun tí wọ́n fi ń gbé orílẹ̀-èdè ró, ó sì wọ inú ìwé taekwondo pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Kòríà fúnra wọn ló kọ́kọ́ tú u palẹ̀: Yang Jin-bang kọ iṣẹ́ ìwádìí lé e lórí ní 1986, Kim Yong-ok tẹ̀ lé e, Steven Capener sì gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1995. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníkàráté tó ń jowú.

Níbi tí àbúrò ọkọ yín ti ṣìnà ni bó ṣe ní orúkọ nìkan ni wọ́n yí. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Kòríà ti ń díje lọ́nà tiwọn. Nínú kàráté tí wọ́n kọ́ ní Tokyo, ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kó tó kan ara. Wọ́n ní rárá, kó kan ara gidi. Wọ́n wá wọ ìgbàyà fún àwọn abáradíje, wọ́n sì fòfin de kíkan ẹ̀ṣẹ́ sójú. Ohun méjì yìí ló bí ìpàá tí ayé mọ taekwondo mọ́. Bí ẹ̀ṣẹ́ kò bá lè lọ sójú mọ́, ọwọ́ kò ní wulẹ̀ máa ṣọ́ ojú bíi tẹ́lẹ̀; ẹsẹ̀ ló máa lọ bá orí. Bí ìgbàyà bá wà, ìpàá ara ò ní pààyàn lára, àwọn ọmọ á máa ta á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa wá èyí tó yá jù. Orúnkún wá ń gbé sókè tààrà kó tó yí, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ń yí lórí ọmọ ìka, wọ́n ń ta méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú afẹ́fẹ́. Ìdíyelé òní sọ bọ́rọ̀ ṣe rí: ẹ̀ṣẹ́ sí ìgbàyà gba àmì 1, ìpàá sí ìgbàyà 2, ìpàá sí orí 3, bí ó bá sì yí ara po kó tó ta á, á di 4 tàbí 5. Kò sí kàráté kankan ní 1944 tó rí báyìí. Kukkiwon, ibùdó àgbà fún taekwondo, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Seoul ní 1972, àjọ àgbáyé dìde ní 1973, ó sì di eré tí wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ lé lórí ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn nìyẹn, ó sì tóbi ju ìtàn Hwarang lọ.

Kàráté pàápàá, kó má lọ fọ́nnu jù. Ní 1936, àwọn àgbà olùkọ́ Okinawa jókòó nílùú Naha, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àmì tó túmọ̀ sí Ṣáínà kúrò nínú orúkọ iṣẹ́ wọn, kí èyí tó túmọ̀ sí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò jìnnà sí èyí tí àwọn ará Kòríà fi ṣe tiwọn. Pinan tí àbúrò ọkọ yín ń ṣe, kò ju ọdún 120 lọ dáadáa.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ ohun tó gbó ní Kòríà lóòótọ́, ó wà. Ssireum tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan wà. Kòríà méjèèjì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì gbà á wọlé pa pọ̀ ní 2018. Ọrun wọn náà wà, tí wọ́n ń fi ìwo ẹfọ̀n, ọparun, igi àti iṣan ẹran lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń ta dé ojú àmì tó jìnnà tó mítà 145. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kó máa ṣọ́ra. Yudo ni júdò, gumdo ni kendo, hapkido sì jẹ́ àmì kan náà pẹ̀lú aikido. Choi Yong-sul tó padà láti Jàpáànù lẹ́yìn ogun ló mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá.

Ẹ má mú un kúrò. Olùkọ́ tó fún ọmọ ní ìwé pélébé yẹn, ohun tí wọ́n fún òun náà ló ń fún àwọn ọmọ, ìtàn tó sì kọ́ wọn kò sọ bó ṣe ń kọ́ wọn ní ìpàá. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ bi í pé àjọ wo ni ìwé ẹ̀rí bẹ́líìtì dúdú ti ń wá, Kukkiwon ni àbí ITF, àjọ taekwondo mìíràn tí Choi dá sílẹ̀ ní 1966, torí ọ̀kan ò lè rọ́pò ìkejì nígbà ìdíje. Bí ó bá jẹ́ Kukkiwon, poom ni wọ́n ń fún ọmọ tí kò tíì pé 15, kì í ṣe dan, kí ẹnikẹ́ni má bàa tà á fún yín lórúkọ mìíràn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń wọ ìgbàyà àti akoto nígbà tí wọ́n bá ń figagbága, bóyá wọ́n ń pín àwọn ọmọ sí ìwọ̀n, àti bóyá olùkọ́ máa ń dá ìjà dúró nígbà tí ọmọ bá kọsẹ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá kùnà níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ yín lọ, ì báà jẹ́ pé ìtàn rẹ̀ péye.

Ní ti ìdánwò, kò yẹ kó fìyà jẹ ọmọ. Bí wọ́n bá bi í, kó dáhùn pé “ìwé ẹgbẹ́ wa sọ pé” kó tó sọ ti 2,000 ọdún. Olùkọ́ á fún un ní máàkì rẹ̀, kò sì ní purọ́. Nílé, ẹ ṣí fídíò méjì fún un, kí àbúrò ọkọ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Heian Shodan ti kàráté àti Taegeuk Il Jang tí òun ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa kà á. Àwọn méjèèjì á kọjú sí òsì, wọ́n á fi apá òsì dènà nísàlẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n á kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún. Wọ́n á yí padà sẹ́yìn pátápátá, wọ́n á fi apá ọ̀tún dènà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a dúró, kí ẹ sọ fún un pé kó wo ẹsẹ̀: ti kàráté ti na gbalaja, orúnkún iwájú tẹ̀ wá sílẹ̀, ti taekwondo kúrú bíi ti ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà, ìyẹn la ṣe lè ta ìpàá láti ibẹ̀ láìkọ́kọ́ fa ara sẹ́yìn. Kó fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rí fún àbúrò bàbá rẹ̀.